Half of a Yellow Sun: ìfẹ́ wà níbẹ̀, ogun wà níbẹ̀, àwọn ìbejì ni mo ń wá

Ọjọ́ Sátidé kan tí òjò ò jẹ́ ká jáde ni mo wo Half of a Yellow Sun lẹ́ẹ̀kejì, nílé wa ní Èbúté, Ìkòròdú. Èmi nìkan ni mo dá wò ó nígbà àkọ́kọ́, mo sì sunkún. Lọ́tẹ̀ yìí mo lọ pe Màmá Ìbejì, aládùúgbò wa tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Sábó. Ọmọ Ìgbò ni wọ́n, àmọ́ wọ́n ti pẹ́ ní Ìkòròdú débi pé tí ẹ bá gbọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń nájà, ẹ ò ní fura. Ọmọ ọdún méje ni wọ́n nígbà tí ogun Biafra, tí fíìmù yìí dá lé lórí, bẹ̀rẹ̀ lóṣù keje ọdún 1967. Àwa tí wọ́n bí síhìn-ín, “Ó le kú, ìjà Òrè” ni gbogbo ohun tí a gbọ́ nípa ogun yẹn. Mo fẹ́ kí ẹni tó ṣojú rẹ̀ jókòó tì mí kí n tó sọ pé fíìmù yìí dára tàbí kò dára. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, kó mọ̀ pé n óò sọ ìtàn rẹ̀ dé òpin.

Bíyì Bándélé ló darí rẹ̀, òun náà ló sì sọ ìwé Chimamanda Ngozi Adichie di fíìmù. Ọdún 1967 yẹn gan-an ni wọ́n bí Bándélé sí Kafanchan. Òǹkọ̀wé ni tẹ́lẹ̀, èyí sì ni fíìmù àkọ́kọ́ tó máa darí. Kálàbá àti Creek Town ni wọ́n ti yà á. Òkè òkun ló ti kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2013. Nílé níbí, oṣù kẹrin ọdún 2014 ló yẹ kó dé sinimá, àmọ́ àjọ tó ń yẹ fíìmù wò dá a dúró títí di oṣù kẹjọ.

Ibi tó ti dára jù ni ilé Odenigbo ní Nsukka, kí ogun tó dé. Odenigbo tí Chiwetel Ejiofor ṣe jẹ́ ọ̀mọ̀wé tó lè fi gbogbo òru sọ̀rọ̀ òmìnira aláwọ̀ dúdú, àmọ́ tí ìyá rẹ̀ bá dé, kò ní lè la ẹnu kó sọ pé, “Ìyá, ìyàwó mi nìyí.” Onyeka Onwenu ló ṣe ìyá náà, ó sì ṣe é débi pé ara mi ń bù máṣọ. Bó ṣe wọlé tó sọ ilé ìdáná di tirẹ̀, tó pe Olanna, obìnrin tí Odenigbo ń fẹ́, ní àjẹ́, Màmá Ìbejì pàtẹ́wọ́: “Irú wọn wà lábúlé wa!” Ìyá yìí ló mú ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Amala wá láti abúlé, Odenigbo fún un lóyún, Olanna náà fi ìbínú lọ bá Richard, òyìnbó tí Kainene, ìbejì rẹ̀, ń fẹ́. Ìbọn kankan ò tíì dún, ilé ti tú. Àwọn tó ṣe fíìmù yìí mọ bí ìfẹ́ àti ilé ṣe rí, ẹ ò ní rí irọ́ kankan nínú ojú wọn. Àwọn kan sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n mú Thandie Newton láti ṣe Olanna pé kì í ṣe ọmọ Ìgbò. Lójú tèmi, iṣẹ́ rẹ̀ pé.

Genevieve Nnaji ló ṣe Miss Adebayo, olùkọ́ ọmọ Yorùbá tó máa ń wá bá wọn jiyàn nílé Odenigbo. Ìwọ̀nba díẹ̀ la rí i, ó sì dùn mí. Ó wù mí kí n mọ ohun tí ọmọ wa tó wà láàárín wọn rò nígbà tí ọ̀rọ̀ di ogun.

Ibi ìgbéyàwó Olanna àti Odenigbo ńkọ́? Wọ́n ń jó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, bọ́ǹbù já lulẹ̀, ó sì yá débi pé èèyàn ò ní mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ Màmá Ìbejì tó wà lórí itan mi le gbagidi. Wọn ò sọ nǹkan kan, èmi náà ò bi wọ́n.

Àmọ́ lẹ́yìn ibẹ̀, fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ọgbọ̀n oṣù ni ogun yẹn fi jà, títí di oṣù kìíní ọdún 1970. Ìṣẹ́jú 111 ni gbogbo fíìmù, wọ́n sì ti ná èyí tó pọ̀ níbẹ̀ lórí ilé Nsukka. Wọ́n á fi fọ́nrán ìròyìn àtijọ́ hàn wá, ká tó ṣẹ́jú, wọ́n ti dé Umuahia. Ugwu ọmọ ọ̀dọ̀, tí John Boyega ṣe, wọ́n fipá mú un wọṣẹ́ ológun, a rò pé ó kú, ó dé padà, kò sì sí àyè láti mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ogun tí ebi pa èèyàn níbẹ̀ ju ìbọn lọ, a rí àwọn ọmọ tó rù ní àgọ́, àmọ́ ebi ò wọ ara àwọn tí ìtàn náà dá lé lórí. Aṣọ wọn gbó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ṣì kún.

“Iyọ̀ ńkọ́?” Màmá Ìbejì ló bi mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n na ìka, wọ́n fi èékánná ọmọńdinrín hàn mí. Ìwọ̀n iyọ̀ tí ìyá wọn máa ń fi sínú ìkòkò ọbẹ̀ ilé ẹni mẹ́sàn-án nìyẹn. Nígbà tí èyí náà tán, ìyá wọn bá àwọn obìnrin yòókù gba inú igbó kọjá sápá ibi tí àwọn ọmọ ogun ìjọba wà láti lọ ra iyọ̀. Afia attack ni wọ́n ń pe òwò náà. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọn ò gbúròó rẹ̀. Ó padà dé.

Òwò yẹn náà ni Kainene bá lọ tí kò fi dé mọ́. Ibí yìí ni mo ti ní gbólóhùn asọ̀ pẹ̀lú fíìmù náà. Anika Noni Rose ló ṣe Kainene, ojú rẹ̀ tutù bí omi inú àmù, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ìbejì ni òun àti Olanna. Yorùbá kọ́ ni ẹni tí yóò gbọ́ ìbejì tí kò ní nàró. Láyé àtijọ́, tí ọ̀kan nínú ẹ̀jìrẹ́ bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère, wọ́n á máa wẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa fún un lóúnjẹ, nítorí èyí tó kù. Olanna ò mọ̀ bóyá ìkejì rẹ̀ kú ni tàbí ó wà láàyè. Kí ló fẹ́ gbẹ́? Ìfẹ́ tó tóbi jù nínú ìtàn yìí nìyẹn lójú mi, ó ju ti Odenigbo lọ. Ọkùnrin ló ba àárín wọn jẹ́, ogun ló tún un ṣe, ogun náà ló gba Kainene lọ. Fíìmù yìí fi wákàtí kan sọ ti ọkùnrin, ó fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sọ èyí. N ò lè fún un ju mẹ́fà àbọ̀ nínú mẹ́wàá lọ, bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹ wò ó, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọmọ kékeré bá yín wò ó.

Nígbà tó parí, Màmá Ìbejì ò dìde. Wọ́n ní kí n dá a padà síbi tí a ti rí Kainene kẹ́yìn. A wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n wá bi mí bóyá ìwé náà sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo ní ó sọ púpọ̀. Wọn ò ka Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà láti ọjọ́ Ajé, bí wọ́n bá ti pàtẹ tán nírọ̀lẹ́, mo máa ń mú ìwé náà lọ, mo ń kà á, mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún wọn. Ibi tí Ugwu ti rí adìyẹ nínú fíríìjì ọ̀gá rẹ̀ la dé lánàá.