Ẹ ṣọ́ra o: ẹnì kan ń ta láísẹ́ńsì network AutoCAD kiri Adó-Èkìtì, ayédèrú ni

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ̀ ń ya pláànù, ẹ̀yin savéyọ̀, ẹ̀yin injiníà, láti Adó dé Ìkẹ́rẹ́ títí dé Ìkọ̀lé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Bọ̀dá kan ń wọ ọ́fíìsì kiri, ó ní òun á gbé láísẹ́ńsì network ti AutoCAD àti Revit, ìyẹn àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya pláànù, sórí kọ̀ǹpútà kan tó máa jẹ́ server, gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù á sì máa fà á látibẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa sanwó, kò ní parí láéláé. Owó tó sì ń pè ò tó nǹkan tí Autodesk, ilé iṣẹ́ tó ni wọ́n, ń gbà lórí ẹnì kan ṣoṣo fún ọdún kan. Ó yẹ kára ti máa fu èèyàn níbẹ̀ yẹn.

Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì àwọn àkítẹ́ẹ̀tì kan níbí, ìyẹn ni ọ̀gá kan lápá Ajílòsùn tí wọ́n ti gbowó ẹ̀ lọ fi pè mí pé kí n wá wo nǹkan tó ń ṣe server àwọn.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ pé irú ọjà tó ń tà yẹn, kò sí lọ́jà mọ́. Láti ìparí oṣù kìíní ọdún 2016 ni Autodesk ò ti ta AutoCAD tí èèyàn máa rà lẹ́ẹ̀kan táá di tiẹ̀ pátápátá mọ́, àfi kéèyàn máa san àsansílẹ̀. Network tí wọ́n ń san àsansílẹ̀ fún náà, láti oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó o nílẹ̀, ẹni tó bá dá ẹyọ kan padà, méjì olórúkọ ni wọ́n fún un. Olórúkọ yẹn, orúkọ àti email ẹnì kan ló wà lórí ẹ̀, ẹlòmíì ò gbọdọ̀ bá a lò ó. Àwọn tó ti ra ti àtijọ́ ṣì ń lo tiwọn, àmọ́ wọn ò lè kàn tà á fún ẹlòmíì láìjẹ́ pé Autodesk fọwọ́ sí i. Níbo wá ni bọ̀dá ti rí tuntun?

Nǹkan tí mo bá lórí server ọ̀gá yẹn rèé. Fáìlì láísẹ́ńsì, tẹ́ ẹ bá fi Notepad ṣí i, ẹ máa rí ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SERVER, orúkọ kọ̀ǹpútà yẹn ló máa tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà káàdì network ẹ̀, ìyẹn Physical Address tẹ́ ẹ máa rí tẹ́ ẹ bá tẹ ipconfig /all. Nọ́ńbà yẹn ni Autodesk fi ń so láísẹ́ńsì mọ́ ẹ̀rọ kan pàtó, tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ server, ẹ máa gba fáìlì tuntun ni. Ti ọ̀gá yìí, ANY, ìyẹn kọ̀ǹpútà èyíkéyìí, ni wọ́n kọ síbi tó yẹ kí nọ́ńbà wà. Wọ́n sì ti yọ adskflex gidi, ìyẹn ètò Autodesk tó ń pín láísẹ́ńsì lórí server, wọ́n fi èyí tí wọ́n ti dọ́gbọ́n sí rọ́pò ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ní kí wọ́n pa antivirus kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti iná. Tí iná bá ti lọ tí server kú, kò sẹ́ni tó máa lè ṣí AutoCAD, wọ́n á pe bọ̀dá, á ní BEDC, ilé iṣẹ́ iná, ló ba láísẹ́ńsì jẹ́, á gbowó àtúnṣe, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ní gbogbo ìgbà. Irọ́ ni jàre! Nínú LMTOOLS, ètò tí wọ́n fi ń darí láísẹ́ńsì lórí server, níbi Config Services, àpótí méjì kan wà níbẹ̀, Use Services àti Start Server at Power Up, tẹ́ ẹ bá ti máàkì ẹ̀, tí kọ̀ǹpútà bá ti tàn padà á dìde fúnra ẹ̀. Kò máàkì ẹ̀, èmi ò sì rò pé ó gbàgbé. Ẹ̀bi tó wà lọ́rùn BEDC ti pọ̀ tó, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fi èyí kún un.

Àwọn tí kò ní server, ti akẹ́kọ̀ọ́ ló ń tà fún wọn. Ọ̀fẹ́ ni Autodesk ń fún àwọn ọmọ EKSU, ọmọ Poly àti àwọn olùkọ́ wọn, ọdún kan kan ni, kò sì wà fún iṣẹ́ olówó. Email bọ̀dá fúnra ẹ̀ ló fi ń ṣí i, ọjọ́ tó bá yí password padà, ó tán nìyẹn, fáìlì tẹ́ ẹ bá sì gbé sórí cloud níbẹ̀, òun náà lè ṣí i wò.

Ẹni tó bá ń ta ojúlówó, email ọ́fíìsì yín ló máa fi ṣe é, ẹ̀yin lẹ máa wọ akáǹtì Autodesk yín tẹ́ ẹ máa rí i níbẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ ẹ̀ á sì wà láàárín àwọn alábàáṣiṣẹ́ tí Autodesk kọ sórí wẹ́ẹ̀bù wọn. Ẹ sanwó sí akáǹtì ilé iṣẹ́, ẹ má san án sí ti bọ̀dá. Tó bá jẹ́ pé ẹ kì í lò ó lójoojúmọ́, ẹ bèèrè Flex, tókìnnì lẹ máa rà, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí i nìkan ló máa yọ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ó ti bá ṣe é ńkọ́? Ó ń fi AnyDesk, ètò tí wọ́n fi ń darí kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kó lè máa wọlé nígbà tó bá wù ú. Ẹ yọ ọ́ lónìí, ẹ tan antivirus padà, kẹ́ ẹ sì fi fóònù yí password email àti ti báńkì yín, ẹ má fi kọ̀ǹpútà yẹn ṣe é o.