PageSpeed Insights: irinṣẹ́ tó ń sọ "ẹ jẹ́ kó yára" di òǹkà

Ẹni tó bá ti bá oníbàárà jókòó ṣètò ìkànnì rí yóò ti gbọ́ ọ pé "ẹ jẹ́ kó yára", láìsí ẹni tó lè sọ bí yíyára náà ṣe tó. Níbẹ̀ gan-an ni PageSpeed Insights, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí Google ṣe láti fi wọn bí ìkànnì ṣe ń yára tó, ti wúlò: ohun tó tóbi jù lójú ìwé gbọ́dọ̀ hàn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2.5, ìkànnì gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ìdá 200 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, òǹkà bí nǹkan ṣe ń ṣípò lójú ìwé kò sì gbọdọ̀ kọjá 0.1. Oṣù Kẹta ọdún 2024 ni wọ́n fi òṣùwọ̀n ìdáhùn yìí rọ́pò ti àtijọ́, tó ń wo ìgbà àkọ́kọ́ tí a tẹ nǹkan nìkan, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé kì í lo ìpíndọ́gba, èyí tó máa ń bo ìyà àwọn tí fóònù wọn kò lágbára mọ́lẹ̀. Ìdá 75 nínú 100 ìbẹ̀wò àwọn tó ń lo Chrome láàárín ọjọ́ 28 ló gbọ́dọ̀ dé ojú òṣùwọ̀n.

Ṣùgbọ́n ìkànnì tí àwọn tó ń bẹ̀ ẹ́ wò kò pọ̀ kì í ní àkójọ ìbẹ̀wò yìí. Àyẹ̀wò àfarawé, èyí tí irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń ṣe láìsí ìbẹ̀wò ènìyàn gidi, nìkan ni yóò rí, máàkì 0 sí 100 tí ìyẹn ń gbé jáde sì lè yàtọ̀ láti ìgbà kan sí òmíràn lórí ojú ìwé kan náà. N kò ní kọ máàkì yẹn sínú àdéhùn iṣẹ́. Òǹkà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni n óò kọ, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kóòdù.