Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tàbí ti àgbàdo: èwo ni kí ẹ rà?

Lórí àtẹ, ìyẹ̀fun funfun ni méjèèjì. Orí iná ni wọ́n ti ń yàtọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó ra odidi àpò, ẹ ra díẹ̀ dán wò: ẹ po ṣíbí ìjẹun méjì mọ́ ife omi tútù kan, ẹ gbé e kaná, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi ki. Ti ẹ̀gẹ́ yóò mọ́ gaara, yóò sì máa fà lẹ́nu ṣíbí. Ti àgbàdo yóò funfun, bó bá sì tutù, yóò dì bí ẹ̀kọ. Amylose, èròjà inú sítáàṣì tó ń mú kó dì, ló fà á: ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin ti àgbàdo, àmọ́ kì í sábà ju 20 nínú 100 lọ nínú ti ẹ̀gẹ́.

Fún aṣọ, ti ẹ̀gẹ́ ni kí ẹ rà, pàápàá bí aṣọ náà bá dúdú, torí ti àgbàdo máa ń hàn funfun lára rẹ̀. Ṣíbí ìjẹun kan sí lítà omi kan tó fún ṣẹ́ẹ̀tì. Agbádá tí ẹ fẹ́ kó dúró gan-an lè gbà tó mẹ́ta. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi pò ó. Bí ẹ bá da omi híhó sórí ìyẹ̀fun gbígbẹ, ẹ̀yìn á jinná, omi ò sì ní ráyè wọ inú mọ́, kókó nìkan lẹ máa rí. Bó bá ti mọ́ gaara lórí iná, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí ẹ bá rò ó pẹ́ jù, yóò ṣàn padà. Ti àgbàdo máa ń fara da iná jù ú lọ.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, làfún tàbí sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni, tí a fi álọ́ọ̀mù sè, tí a sì sẹ́ kí ìyẹ́ adìẹ lè fà á láìdúró. Inú aró tútù ni ẹ ó ti ri aṣọ náà. Omi gbígbóná yóò tú ẹ̀kọ náà.

Ti oúnjẹ kò le: àgbàdo fún kọ́sítáàdì, ẹ̀gẹ́ fún ohun tó máa wọ fìrísà, torí ti àgbàdo ń sun omi bí yìnyín bá yọ́.

Ẹni tó bá kán áyódìn sí i láti fi hàn yín pé ti ẹ̀gẹ́ ni kò tíì fi nǹkan kan hàn: méjèèjì ló ń dúdú. Bí sítáàṣì náà bá ń kan lóòórùn tàbí tó ní kókó, ẹ fi í sílẹ̀. Sítáàṣì tútù lè dà bí ẹni pé ó pọ̀, àmọ́ omi tó wà nínú rẹ̀ súnmọ́ ìdajì, ó sì ń tètè kan. Iye tí èyí tó gbẹ ń jẹ́ ní kílò kan ni kí ẹ fi wé ìlọ́po méjì iye kílò kan èyí tó tutù.