Fáànù tó ń gbé òórùn irú jáde nínú camper kékeré

Bí omi tíì nìkan lẹ máa ń sè nínú camper yín (ilé kékeré orí táyà tí wọ́n ń fi mọ́tò fà), ọ̀rọ̀ mi yìí lè má kàn yín. Èmi ń din ata nínú tèmi.

Camper tí a ń fi mọ́tò fà yìí kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 17 lọ. Láti bẹ́ẹ̀dì dé ìdí sítóòfù, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni. Ẹ wá wo epo pupa, àlùbọ́sà, ata rodo àti irú wooro lórí iná nínú irú ibẹ̀ yẹn. Ká tó ṣẹ́jú, òórùn ti wọ pílò, ó ti wọ kọ́tìnnì, ẹ̀rọ tó ń ké nígbà tó bá gbọ́ òórùn èéfín ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, àwọn òyìnbó tó wà ní sáìtì ẹ̀gbẹ́ wa sì ti ń yọjú.

Fáànù tó wà lórí òrùlé nígbà tí a ra camper yìí kò burú, àmọ́ ìdérí ike lásán ló ní. Bí òjò bá ti ṣú, àfi ká pa á dé. Òjò Texas kì í sì í ránṣẹ́ kó tó dé. Ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ gan-an ni èèyàn kò lè jáde lọ dáná síta, ìgbà yẹn náà ni ilé sì máa kún fún èéfín.

Mo ní ká ra fáànù òrùlé tí wọ́n ń pè ní MaxxFan Deluxe. Bàbá àwọn ọmọ mi ní bátìrì lithium ló kàn. Mo ní, "Daddy, bátìrì kò lè gbé èéfín jáde o." Kò dá mi lóhùn, ó kàn lọ ra méjèèjì.

Ohun tí mo torí ẹ̀ fẹ́ràn fáànù yìí ni ìbòrí tí wọ́n ṣe mọ́ ọn lára. Bó bá ṣí, ìbòrí yẹn á ṣíji bo ihò náà, afẹ́fẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ jáde, omi kò sì ní wọlé. A gbé camper lọ sí Brazos Bend State Park, tí kò jìnnà sí Houston, ibi tí ọ̀nì pọ̀ sí débi pé wọ́n ní kéèyàn fi ẹsẹ̀ bàtà 30 jìnnà sí wọn. Òjò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ látàárọ̀, kò dá. Mo se ẹ̀fọ́ rírò, irú rẹ̀ pé, panla rẹ̀ pé. Fáànù ń yí, òjò ń rọ̀ lé e lórí, ẹ̀rọ èéfín kò ké. Nígbà tí mo máa sùn, òórùn ọṣẹ ni mo gbọ́ lára pílò mi.

Ẹ má kàn tan án kẹ́ ẹ sì jókòó o. Bí gbogbo fèrèsé bá wà ní títì, ariwo lásán ni fáànù máa pa, nítorí afẹ́fẹ́ tó máa jáde gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń gbà wọlé. Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń ṣí díẹ̀, kí atẹ́gùn tútù kọ́kọ́ kọjá lórí bẹ́ẹ̀dì, kó wá gba orí ìkòkò lọ sókè. Ẹ má ṣí ti ìdí sítóòfù, iná gáàsì á máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Yàtọ̀ sí òórùn, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló wà níbẹ̀: sítóòfù gáàsì nínú ibi tó há lè mú èéfín olóró carbon monoxide jáde, kò sì ní òórùn kankan tẹ́ ẹ fi máa mọ̀.

Ìpele mẹ́wàá ni yíyára fáànù yìí ní. Ó lè fa afẹ́fẹ́ wọlé, ó lè tì í jáde. Ní ìpele ìsàlẹ̀, iná tó ń jẹ kò tó ámíǹpù kan, ó lè yí di àárọ̀ kí bátìrì má mọ̀ ọ́n lára. Ó tún ń jẹ́ kí èémí èèyàn méjì tó ń sùn nínú ibi kékeré rí ọ̀nà jáde. Láìsí i, fèrèsé á máa làágùn, ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì á sì bu.

Ní ti bátìrì Daddy, ó dára, ó fúyẹ́, a sì lè lo ohun tó wà nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò dà bí ti asíìdì tí kò yẹ kéèyàn lò kọjá ìdajì. Kìkì pé ẹ̀rọ tó ń rọ iná sí bátìrì asíìdì nínú camper àtijọ́ kì í sábà gbé fólítì ga tó láti mú lithium kún, ó ní láti pààrọ̀ ìyẹn náà. Owó ṣá ló ń jáde.

Ihò orí òrùlé kò fún wa ní wàhálà, torí íǹsì 14 sí 14 ni ti àtijọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni tuntun. Téèpù butyl, tó dà bí rọ́bà tó ń lẹ̀, la tẹ́ sábẹ́ etí rẹ̀, a fi síkúrù dè é, a wá da Dicor, ohun tí wọ́n fi ń dí òrùlé camper kí omi má wọlé, lé orí síkúrù àti etí rẹ̀. Ohun tó jẹ wá níyà ni gọ́ọ̀mù silicone tí ẹni tó ni camper yìí ṣáájú wa fi lẹ ti àtijọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fi silicone sórí òrùlé camper, ọmọ aráyé ló fi ṣe. Kì í tán lára òrùlé bọ̀rọ̀, ohun mìíràn kì í sì í lẹ̀ mọ́ ibi tó bá ti wà. Odindi ìrọ̀lẹ́ ni Daddy fi ń fi ike pẹlẹbẹ ha á. Fiberglass ni camper wa, apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ tí wọ́n so pọ̀ láàárín, nítorí náà, ibi tí wọ́n bá dá lu nìkan ni òjò lè gbà wọ òrùlé rẹ̀. Ẹ máa gòkè lọ wo etí fáànù bí ẹ ṣe ń wo táyà àti gírísì bẹ́ríǹgì.

Owó fáànù yìí lé ní $300, n kò ní sọ pé kò wọ́n. Bí ẹ bá gbé e dé ìpele tó ga jù, ẹ kò ní gbọ́ ohun tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ń sọ, bí fáànù alágbára gbogbo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kì í sì í ṣe AC o! Ní oṣù kẹjọ ní Texas, ooru ìta ló máa fà wọlé fún yín, ẹ wá ibi tí iná wà kẹ́ ẹ tan AC. Epo pupa máa ń lẹ̀ mọ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ ó ṣeé yọ. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ ni mo fi ń fọ̀ ọ́, mo máa ń jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí n tó dá a padà.

Èyí tó ní rìmóòtù wà, owó rẹ̀ sì ju èyí tí a rà lọ. Nínú camper tó jẹ́ pé béèyàn bá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ rẹ̀ á kan òrùlé, kí lèèyàn fẹ́ fi rìmóòtù ṣe? Ẹ fi owó yẹn ra panla.