Ìtọ́tè olómi àti oníyíyí: èwo ló yẹ ìyàwó?

Ètè tí ẹ kùn láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, báwo ni yóò ṣe rí tí ẹ bá jẹun tán? Ìbéèrè yìí ni kí ẹ bi ara yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Olómi ni mo pe ìtọ́tè, ìyẹn àwọ̀ tí à ń kùn sí ètè, tó ń gbẹ mọ́ ọn bí ọ̀dà; oníyíyí ni èyí tí à ń yí ìdí rẹ̀ kó tó yọrí.

Tó bá jẹ́ ti kó dúró pẹ́, olómi ló gbawájú, kò sí àríyànjiyàn. Isododecane inú rẹ̀, ìyẹn èròjà olómi tó máa ń tètè gbẹ, á fẹ́ lọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ á wá kù lórí ètè. Ẹ mumi, ẹ fẹnu ko ọkọ lẹ́nu, kò fi bẹ́ẹ̀ ràn. Ìda àti òróró ló pọ̀ nínú oníyíyí, nítorí náà á máa ràn mọ́ ife àti kọ́là funfun, àfi tí ẹ bá kùn ún bó ṣe yẹ.

Àtúnṣe gan-an ni wàhálà wà. Òróró inú oúnjẹ ló ń tú olómi. Níbi tí ètè òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti ń pàdé ló ti ń bẹ̀rẹ̀: àárín á ṣí, etí á dúró gbagidi, ẹnu á wá dà bí èyí tí wọ́n kàn fi pẹ́ńsùlù yí ká. Ẹ wá ní kí ẹ kun òmíràn lé e. Tuntun tó ṣì tutù á rọ ti tẹ́lẹ̀, ẹ pa ètè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan báyìí, á máa ká jọ wínníwínní bí èérún rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́. Ó di kí ẹ fi òróró nu gbogbo rẹ̀ kúrò, òróró ọ̀hún á sì gbé páúdà ẹ̀gbẹ́ ẹnu lọ. Ìṣẹ́jú 10 ti lọ, ayafọ́tò ń dúró. Bí oníyíyí bá ṣí ńkọ́? Ẹ fi tíṣù tẹ ètè, ẹ kun díẹ̀ sí àárín, ó parí.

Bí oníyíyí ṣe ń dúró rèé. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tó tutù ra ètè jẹ́jẹ́. Ẹ má ṣe é láàárọ̀, torí ètè tó bó á máa ta yín. Láàárọ̀, ẹ fi ìpara sí i fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì nù ún kúrò pátápátá. Ẹ fi pẹ́ńsùlù tó bá ìtọ́tè mu kun gbogbo ètè, kì í ṣe etí nìkan. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun ìtọ́tè fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi tíṣù tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá ṣí ìpele méjì tíṣù kúrò lára ara wọn, ẹ fi ìpele kan bo ètè, ẹ bu páúdà díẹ̀ lé orí tíṣù náà, kí ẹ tó kun ìkejì. Páúdà tó bá kan ètè tààrà á mú un dà bí ẹni tí hámátáànì kọlù.

Ti àwọ̀: olómi sábà máa ń dúdú sí i tó bá gbẹ, ẹ má fi ohun tó wà nínú ìgò ṣe ìdájọ́. Àwọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun máa ń dà bí eérú lára aláwọ̀ dúdú, pàápàá tí iná kámẹ́rà bá kọ lù ú. Ti ooru: oníyíyí máa ń rọ̀ nínú mọ́tò, ẹ má fi í síbẹ̀. Ti ìmọ́tótó: kí oníṣaralóge fi ṣíbí kékeré gé ìtọ́tè sórí àwo rẹ̀, kó má fi èyí tó ti kan ẹnu ẹlòmíràn kùn yín.

Méjèèjì ló níbi tó wúlò sí. Tí ayẹyẹ kò bá ju wákàtí méjì lọ, tí ẹ kò sì ní jẹun, ẹ ra olómi: ìkùn kan péré, kí ẹ ya ètè sọ́tọ̀ títí á fi gbẹ. Bó bá jẹ́ àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni, oníyíyí. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ kùn ún ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ẹ fi jẹ oúnjẹ olóròóró, kí ẹ wá ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú iná kámẹ́rà.