Láìmù NHL 3.5 fún ilé òṣìṣẹ́ àtijọ́: ibi tó dáa dé, àti ibi tó ti ń já èèyàn kulẹ̀

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń rà láti fi tún ilé òṣìṣẹ́ àtijọ́ ṣe, ìyẹn àwọn ilé bíríkì tó so kọ́ra tí àwọn olówó iléeṣẹ́ òwú, irin àti èédú kọ́ fún àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, kò sí èyí tí wọ́n ń ṣì rà tó láìmù, ìyẹn ẹ̀tù òkúta ẹfun jíjó tí wọ́n ń pò mọ́ yanrìn láti fi to bíríkì tàbí rẹ́ ògiri. Èyí tí a fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni NHL 3.5 (Natural Hydraulic Lime, láìmù tó ń gan pẹ̀lú omi), àpò oní-kílò 25. Ẹ jẹ́ ká ti sọ ìdájọ́ wa báyìí: fún ògiri ìta ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ilé wọ̀nyí, òun ni kí ẹ rà. Àmọ́ ẹni tí kò ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko tó máa fi tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti lò ó tán, kó má wulẹ̀ rà á.

Ọdún 1824 ni Joseph Aspdin gba ìwé àṣẹ símẹ́ǹtì Portland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà yẹn, ó ti pẹ́ tí òṣìṣẹ́ ti ń gbé ilé tí Richard Arkwright, olówó iléeṣẹ́ òwú, kọ́ sí North Street ní Cromford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ilé New Lanark, abúlé òṣìṣẹ́ òwú ní Scotland. Láìmù ni wọ́n fi tò wọ́n. Kódà lẹ́yìn 1824, ó pẹ́ gan-an kí símẹ́ǹtì tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ láìmù. Ògiri àwọn ilé òṣìṣẹ́ oníbíríkì kì í sábà ní àlàfo láàárín. Gígùn bíríkì kan, bíi mìlímítà 225, ni gbogbo nínípọn rẹ̀. Òjò ń wọ̀ ọ́, ó sì ń gbẹ padà. Ojú ìsopọ̀ bíríkì, níbi tí láìmù wà, ni omi náà ń gbà jáde jù.

Bí wọ́n bá wá fi símẹ́ǹtì dí ojú ìsopọ̀ yẹn, omi ò rí ọ̀nà mìíràn ju ara bíríkì lọ. Iyọ̀ inú omi á dì sábẹ́ ojú bíríkì, ojú rẹ̀ á máa ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Ní ibi tí òtútù ti ń di omi, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo irú ògiri bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún: símẹ́ǹtì yọ síta gbọnrangandan bí àwọ̀n irin, bíríkì ti jẹ wọnú lọ láàárín rẹ̀. Ògiri tó rin kì í mú ooru dúró, ayálégbé tó wá ilé owó pọ́ọ́kú ni yóò sì máa san owó iná tó ń jò gba ara ògiri jáde. Ohun tó dùn wá jù nìyẹn.

Nọ́ńbà orí àpò ló ń tan èèyàn. Ìlànà EN 459 ti ilẹ̀ Yúróòpù pín láìmù yìí sí mẹ́ta: NHL 2, NHL 3.5 àti NHL 5. Nọ́ńbà náà ni agbára tó kéré jù tó gbọ́dọ̀ ní lọ́jọ́ 28, ní newton lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kan. Símẹ́ǹtì tó wọ́pọ̀ jẹ́ 32.5 tàbí 42.5. Bíríkìlà tó bá rí 5 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 3.5 á gbé 5, torí ojú símẹ́ǹtì ló fi ń wò ó, pé èyí tó le jù ló dáa jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bíríkì púpọ̀ nínú ilé òṣìṣẹ́ rọ̀, iná ìléru kò mú wọn dọ́gba. Ohun tó wà láàárín bíríkì gbọ́dọ̀ rọ̀ ju bíríkì lọ, kó lè jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ jẹ, nítorí òun la lè pààrọ̀. NHL 5 wà fún orí símínì (ihò tí èéfín ń gbà jáde) àti orí ògiri tí òjò ń pa tààrà. NHL 2 wà fún bíríkì tó rọ̀ débi pé èékánná ń fá a. Ìyókù, 3.5 ni.

Ẹ ka lẹ́tà iwájú nọ́ńbà náà dáadáa. FL (Formulated Lime, láìmù àpòpọ̀) lè ní símẹ́ǹtì nínú, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ sọ ohun tó pò mọ́ ọn. HL (Hydraulic Lime) kò ní ọ̀ranyàn yẹn. CL 90, láìmù lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ símẹ́ǹtì ní ṣọ́ọ̀bù, nǹkan mìíràn pátápátá ni: afẹ́fẹ́ nìkan ló ń mú un le, kì í gan pẹ̀lú omi.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Iwájú ilé kan tó fẹ̀ ní mítà 5, tó ga ní mítà 6, bí a bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ó lè ku mítà onígun mẹ́rin 24. Bí ojú ìsopọ̀ bá fẹ̀ ní mìlímítà 10, tí a gbẹ́ ẹ wọlé ní 25, mítà onígun mẹ́rin kan á gba lítà 4 lé díẹ̀. Pẹ̀lú èyí tó máa dà nù, ẹ kà á sí lítà 125. Ní láìmù 1 sí yanrìn 2.5, yanrìn jẹ́ lítà 125, láìmù jẹ́ 50, torí inú àlàfo yanrìn ni láìmù ń wọ̀ sí. Àpò kan tó nǹkan bíi lítà 38. Àpò méjì péré nìyẹn! Òótọ́ ni pé láìmù wọ́n ju símẹ́ǹtì lọ, àmọ́ lórí àpò méjì, ìyàtọ̀ náà ò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó sìkáfóòdù. Inú ilé ló ń jẹ láìmù. Rírẹ́ ògiri tó tó mítà onígun mẹ́rin 80, ní nínípọn mìlímítà 20, á gba bí àpò 17, kí ẹ rà tó 19.

Garawa ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ṣọ́bìrì dá a. Yanrìn mímú tí wọ́n fọ̀, tó ní ńlá àti kékeré títí dé mìlímítà 4, ló bá a mu. Yanrìn kíkúnná máa ń fún pọ̀, á sì sán. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, torí láìmù ń jó ara. Ẹ po ó ní gbígbẹ, kí ẹ tó máa ta omi sí i díẹ̀díẹ̀. Yóò dà bíi pé omi ò tó. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yí i fún ìṣẹ́jú 10, ẹ dá a dúró díẹ̀, ẹ tún yí i. Yóò rọ̀ fúnra rẹ̀. Omi tí wọ́n fi ìkánjú dà sí i ló ń di ihò àti sísán lẹ́yìn ọ̀la.

Ọwọ́ ni kí ẹ fi gbẹ́ ojú ìsopọ̀, pẹ̀lú òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ oníná máa ń gé etí bíríkì, etí yẹn kò sì ní hù padà. Kí ẹ gbẹ́ ẹ jìn tó ìlọ́po méjì fífẹ̀ rẹ̀, kí ẹ gbá eruku inú rẹ̀, kí ẹ wọ́n omi sí i lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àti kó tó kan iṣẹ́. Ẹ ki láìmù wọ̀ ọ́ dan-in dan-in. Nígbà tí àtàǹpàkò ò bá lè wọ̀ ọ́ mọ́, àmọ́ tí èékánná ṣì lè fa ilà sí i, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírun líle gún un, pó-pó-pó, ẹ má fi nù ún. Gígún yẹn ń pa sísán kéékèèké dé, ó ń jẹ́ kí yanrìn ojú rẹ̀ yọ, kí omi lè rí ọ̀nà jáde.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la ti ń pàdánù iṣẹ́. Aṣọ ìdọ̀họ tó tutù ni kí ẹ ta bo ògiri fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, kí ẹ máa wọ́n omi sí i. Bí òtútù bá ti wálẹ̀ ju dígírì 5 lọ, ẹ dáwọ́ dúró. Láìmù tó ń bọ́ bí ìyẹ̀fun lẹ́yìn oṣù kan, oòrùn tàbí afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń gba omi lára rẹ̀ kó tó gan. Ẹjọ́ iléeṣẹ́ tó ṣe láìmù náà kọ́.

Àwọn ohun kan wà tí láìmù ò lè ṣe. Gọ́tà tó ń jò, tàbí ilẹ̀ ìta tó ti ga dé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ inú ilé, ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹni tó lọ ń fi láìmù sórí irú ògiri bẹ́ẹ̀ ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ní ẹ̀gbẹ́ símínì, níbi tí wọ́n ti jó èédú fún ọ̀pọ̀ ọdún, iyọ̀ tó ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́ wà nínú bíríkì. Láìmù ò ní dá a dúró. Yóò gbà á sára, àbààwọ́n á sì yọ, títí ẹ ó fi há a kúrò tí ẹ ó sì tún un rẹ́. Bákan náà, bí ẹ bá kun ọ̀dà rọ́bà lé láìmù, ẹ ti dí ohun tí ẹ ṣí. Láìmù olómi tàbí ọ̀dà sílíkéètì ni kí ẹ lò.

Ohun tó wọ́n gan-an ni àkókò. Mìlímítà kan lójúmọ́ ni a máa ń ṣírò fún gbígbẹ, nítorí náà mìlímítà 20 á gba bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó ṣeé kùn, kò sì sí owó ilé tó ń wọlé nígbà yẹn. Àǹfààní ilé tó so kọ́ra wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe fi àwọn bíríkìlà dúró de ilé kan. Kí wọ́n rẹ́ ilé àkọ́kọ́, kí wọ́n kó irinṣẹ́ bọ́ sí èkejì, kí ẹnì kan ṣoṣo máa yí ká fi omi wọ́n èyí tí wọ́n fi sílẹ̀. Bí ilé kan bá ń gba ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí wọ́n bá fi rẹ́ ìkẹrin tán, akunlé lè wọ ilé àkọ́kọ́.