Àgbéyẹ̀wò Terraform fún ìṣàkóso kọ́kọ́rọ́ ìwọlé àwọn aṣàmúlò AWS

Mo ń fi kóòdù Terraform, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ètò ohun èlò kọ̀ǹpútà sínú fáìlì, dá kọ́kọ́rọ́ ìwọlé sílẹ̀ fún àwọn aṣàmúlò IAM (ẹ̀ka tó ń ṣàkóso àṣẹ ìwọlé) lórí AWS, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti Amazon, mo ń pààrọ̀ rẹ̀ bí àsìkò bá tó, mo sì ń gbà á kúrò lọ́wọ́ ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ti mímọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, irinṣẹ́ yìí tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Ìlà díẹ̀ nínú aws_iam_access_key, apá kóòdù tó ń dá kọ́kọ́rọ́, ti tó, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni á sì ti yẹ̀ ẹ́ wò kí kọ́kọ́rọ́ náà tó wà rárá. Àmọ́ bí ẹnìkan bá ti lọ fi ọwọ́ dá kọ́kọ́rọ́ mìíràn, Terraform kò ní lè pa aṣàmúlò náà rẹ́, àfi tí a bá ti kọ force_destroy, àṣẹ pé kí ó pa á rẹ́ tipátipá, síbẹ̀.

Apá àṣírí kọ́kọ́rọ́ ni ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ lò ó fi ojú sí jù. Ìgbà tí AWS bá dá kọ́kọ́rọ́ nìkan ni ó ń fi àṣírí rẹ̀ hàn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà Terraform ń kọ ọ́ sínú fáìlì state (ibi tó ń kọ ohun tó ti dá sílẹ̀ sí), ní gbangba, tí ẹnikẹ́ni tó láṣẹ láti ṣí fáìlì náà fi lè kà á. Bí a bá kọ sensitive (àmì pé kí ó má ṣe hàn) sí output, ìyẹn èsì tí Terraform ń gbé jáde, ojú kọ̀ǹpútà nìkan ni a ti gbé e kúrò. Nínú state, ó ṣì wà níbẹ̀ gedegbe. Ohun tó mú kí n lè máa lò ó ni pgp_key, ìlà tó ń jẹ́ kí a fi PGP, ọ̀nà ìsọ̀rọ̀-di-àdììtú, dáàbò bo àṣírí náà. Ẹni tí yóò gba kọ́kọ́rọ́ á fún mi ní kọ́kọ́rọ́ PGP rẹ̀ tí gbogbo ayé lè rí, state á wá tọ́jú encrypted_secret dípò àṣírí fúnra rẹ̀, òun nìkan ni yóò sì lè tú àdììtú náà pẹ̀lú base64 (ọ̀nà ìkọ fáìlì ní lẹ́tà lásán) àti gpg, irinṣẹ́ PGP. Kí ó má ṣe fi --armor, àṣẹ gpg tó ń sọ fáìlì di ọ̀rọ̀ kíkà, sí i nígbà tó bá ń gbé kọ́kọ́rọ́ PGP rẹ̀ jáde o. Base64 ti ojúlówó fáìlì náà ni pgp_key ń gbà.

Pípààrọ̀ gba sùúrù díẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ 2 péré ni AWS gbà fún aṣàmúlò kan, bẹ́ẹ̀ Terraform máa ń pa ti àtijọ́ rẹ́ kí ó tó dá tuntun, àyàfi tí a bá lo create_before_destroy, àṣẹ pé kí ó kọ́kọ́ dá tuntun. Èmi a máa kọ méjèèjì sínú kóòdù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, n óò sọ status ti àtijọ́ di Inactive (aláìṣiṣẹ́), n óò wò ó bóyá nǹkan kan yóò bàjẹ́, kí n tó yọ ọ́ kúrò.

Fún ènìyàn, mo fara mọ́ ọn, bí pgp_key bá ti wà níbẹ̀. Fún ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú AWS fúnra rẹ̀, IAM role, ipò tí ẹ̀rọ lè gbà láti fi rí àṣẹ, ni mo ń lò, nítorí pé àṣẹ ìgbà díẹ̀ tó ń fúnni máa ń tán fúnra rẹ̀, kò sì sí àṣírí kankan tí state yóò máa gbé kiri.